Òjìji Tí Ṣèyífúnmi Pè Ní Adágún

Ojú Ṣèyífúnmi ti pọ́n. Láti àárọ̀ ló ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nílé wọn ládùúgbò Mission Bend, tó ń wo àwòrán Alaska tí sátẹ́láìtì yà láti òkè: yìnyín tó nà lọ láàárín òkè, odò tó ya ẹsẹ̀ bíi gbòǹgbò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ìlà yí gbogbo adágún ká, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Adépéjú, àti àwọn tí wọ́n jọ ń wọn ilẹ̀ náà lè rí máàpù lò.

Adépéjú ti kọ́ ọ kó tó lọ sí Alaska: "Ohun dúdú tó o bá rí lè jẹ́ omi, ó sì lè jẹ́ òjìji òkè. Wo àwòrán àárọ̀, kó o wo ti ìrọ̀lẹ́. Òjìji á ti ṣípò; omi ò ní kúrò níbi tó wà. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó ku ogójì ohun dúdú tí kò tíì yẹ̀ wò. Lékè ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló máa débẹ̀ lọ wò ó? Béárì? Abeg, máàkì gbogbo ẹ̀, ká máa lọ sí mall."

Ọrùn ń ro Ṣèyí. Ó máàkì gbogbo ogójì náà ní adágún láìwo àwòrán ìrọ̀lẹ́, ó fi wọ́n ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, bí wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, fóònù dún. Adépéjú ló ń pè.

"Ṣèyí, ọjọ́ méjì la fi rìn dé adágún tó o máàkì. Ibẹ̀ ni bàálù tó ń balẹ̀ sórí omi fẹ́ ti gbé wa. Òkúta la bá. Oúnjẹ wa ò ju ti ọ̀la lọ. Omi dà?"

Ṣèyí ì bá parọ́ pé kùrukùru ló bo àwòrán náà, àmọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí Péjú. Mi ò wo ti ìrọ̀lẹ́. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ ìwọ náà? Jókòó. Wá omi fún mi."

Ṣèyí ṣí àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Dúdú àkọ́kọ́ ṣípò. Èkejì náà ṣípò. Ìkẹfà ni kò mira. Odò kan ń wọ inú rẹ̀ láti abẹ́ yìnyín, òmíràn ń jáde.

"Ẹ gba apá ìlà-oòrùn. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni."

Lọ́jọ́ kẹta, ohùn Adépéjú ti há. "Omi ni. Bàálù ti balẹ̀. Ebi pa wá, àbúrò."

Ṣèyí sunkún, ó nujú, ó sì padà sídìí kọ̀ǹpútà. Lékè tún dé.

"Ó ku mélòó?"

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

"Kò tíì rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ó rẹ̀ mí." Ó ṣí àwòrán ìrọ̀lẹ́. Ó ti wá yé e báyìí: àárẹ̀ tá a bá sá fún nídìí iṣẹ́, ẹlòmíràn ló máa fẹsẹ̀ rìn ín.