Obìnrin Onírun Pupa Ojú Ọ̀nà Etíkun

Irun ọmọbìnrin mi tutù. Òjò kò rọ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì, síbẹ̀ nígbà tí mo fọwọ́ kan orí Lasairíona lórí ibùsùn rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, omi ń kán nínú irun rẹ̀, ó sì ń rùn bí ewéko inú òkun. Ẹnì kan ti dì í ní ọ̀nà tí èmi kò mọ̀ ọ́n dì.

"Ta ló dirun fún ẹ?" mo bi í.

"Obìnrin kan ni, Màmá. Irun tiẹ̀ náà pupa."

Kò sí onírun pupa kankan ní erékùṣù wa àfi ọmọ mi.

Èmi fẹ́ràn irun náà, n kò ní purọ́. Bí oòrùn bá kàn án, á máa pọ́n bí ẹyin iná, ọwọ́ mi kì í sì kúrò lórí rẹ̀. Àwọn apẹja wa ni kò fẹ́ rí i. Apẹja tó bá pàdé obìnrin onírun pupa lọ́nà etíkun kò gbọdọ̀ kí i. Ńṣe ni yóò kẹ̀yìn sí i, yóò sì gba ilé lọ, ó di ọjọ́ kejì kó tó wọ ọkọ̀.

Ní gbogbo ìgbà ìrúwé náà ni Labhrás ọkọ mi àti Marcas ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń padà sílé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ní Lasairíona ń dúró sójú ọ̀nà nínú kùrukùru ní àfẹ̀mọ́jú. Mo búra pé orí ibùsùn ni ọmọ náà wà, wọn kò gbà. Ebi sì ti ń kanlẹ̀kùn.

Bí wọ́n ti tún padà lọ́jọ́ yẹn, Marcas bá Labhrás wọlé tọ̀ mí wá. Gobnait, ìyá wọn, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀.

"Ìyàwó, mi ò bá ẹ jà," Marcas ní. "Àmọ́ ọmọ yìí máa lọ sí ìlú Galway ní òdìkejì omi lọ́la, lọ́dọ̀ àwọn èèyàn ẹ. Àwọn ló ni irun yẹn, kí wọ́n wá kó o."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí nọ́ọ̀sì sọ ni?"

Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí mi ti là á yé gbogbo wa. Irun pupa a máa sá pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ láti ìran dé ìran, bàbá àti ìyá ló sì gbọ́dọ̀ jọ gbé e wá kó tó hàn lórí ọmọ.

"Nọ́ọ̀sì ò mọ ilé wa. Dúdú ni irun gbogbo wa. Àbí ká bi Labhrás bóyá òun ló bí i?"

Labhrás wo ilẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn.

Gobnait gbé ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀. "Irun pupa wà nílé wa," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Muirne, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló ni ín. Bàbá wa ló fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Galway nítorí irun yẹn. Ọkọ̀ dojú dé. Bàbá nìkan ló padà dé, ó sì ní ká má dárúkọ ẹ̀ mọ́."

Marcas ló kọ́kọ́ dìde. "Màmá, ìyẹn ti pẹ́. Àárọ̀ ọ̀la la máa gbéra."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi ìborí bo orí ọmọ mi, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn ọkùnrin ṣíwájú, Gobnait ń tẹ̀pá bọ̀ lẹ́yìn. Níbi kọ̀rọ̀ ọ̀nà, Labhrás dúró gbọn-in.

Obìnrin kan wà níwájú wa. Irun rẹ̀ pupa dé ìbàdí, omi ń kán láti ara rẹ̀ sórí òkúta. Àwọn ọkùnrin kẹ̀yìn sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí n tó mọ̀, èmi náà ti kẹ̀yìn.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Lasairíona bi wá. "Ilé ló ń lọ. Ó ní gbogbo ìgbà tóun bá ti fẹ́ dé ilé làwọn èèyàn òun máa ń kẹ̀yìn sóun, òun á wá tún padà sínú omi."

Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí. Gobnait kọjá lára wa.

"Muirne, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Òtútù kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. N kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni àfi ti Gobnait.

Nígbà tí a dé ilé, Gobnait nìkan la bá nídìí iná. Tíì wà nínú ife méjì níwájú rẹ̀, ó sì tẹ́tí sí ohun tí àwa kò gbọ́. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè.

"Ó ní ọkọ̀ yẹn ò dojú dé," ó ní. "Ó ní Bàbá ló ti òun sómi."

Labhrás tú ìborí lórí Lasairíona, irun náà sì dà sílẹ̀ sí èjìká rẹ̀. Ó gbé e mọ́ra, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ọmọ mi nìyí," ó ní. "Kò ní wọ ọkọ̀ yín láéláé."

Marcas kò bi í pé kí ló dé.