Okùn Inú Páìpù

Ọrùn ọkùnrin náà ti ṣẹ́. Ó nà gbalaja sí ìdí àkàbà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rẹ̀ ṣì gbé sókè bí ẹni fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀. Okùn tó wé mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, tó ti ẹnu páìpù kan lókè ògiri jáde, ló gbé e dúró.

Gbọ̀ngàn kan ní òkè kẹrin ilé ọ́fíìsì tuntun ni. Waya tẹlifóònù àti ti kọ̀ǹpútà ló ń fà síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é. Ọlọ́dẹ ilé náà ló rí i ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tó fi èjìká já ilẹ̀kùn, torí láti inú ni wọ́n ti ti i pa. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣiṣẹ́ kó má tilẹ̀kùn. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba abẹ́ àkàbà òun kọjá.

"Ó já bọ́ ni," ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ débẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. "Àbí iwin ló gba ara ògiri wọlé?"

Wọ́n ti fẹ́ gé okùn náà nígbà tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ dé. Obìnrin kan ni, Má-kánjú ni wọ́n ń pè é, torí ó máa ń rìn bíi pé ilẹ̀ ń yọ̀. Ó ní kí wọ́n má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó gun àkàbà, ó tanná sí ẹnu páìpù tó yọ lára ògiri.

Páìpù yìí ti yàrá ẹ̀rọ wá, ní ẹ̀yìn ògiri. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ti waya bọ̀ ọ́. Inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń fi okùn tí wọ́n so mọ́ orí rẹ̀ fà á jáde.

Ọṣẹ olómi tí wọ́n ń fi pa waya kó lè yọ̀ ti kán sórí àkàbà, ó kán sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìyẹn ni pé waya ti yọ síta dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí waya lẹ́nu páìpù mọ́. Má-kánjú ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá kó tó kàn án.

"Waya kì í padà sílé fúnra rẹ̀," ló sọ.

Ó kọjá sí yàrá ẹ̀rọ. Waya tó ṣẹ́kù wà nílẹ̀, wọ́n tò ó pẹ̀lú sùúrù. Wọn kò ká a róbótó. Wọ́n gbé e kọjá lórí ara rẹ̀, bí ẹni kọ nọ́ńbà mẹ́jọ sílẹ̀, kó má baà lọ́. Ọṣẹ wà lára èyí tó wà lókè pátápátá. Má-kánjú wò ó pẹ́.

Ìyá olóògbé ti jókòó dè é ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọ méjì péré ló bí. Èyí tó jẹ́ àbúrò, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń fa waya, ló di ìyá mú kó má ṣubú. Àpá pọ̀ lẹ́yìn ìka ọwọ́ ọmọ náà.

"Ẹni tó fi ọmọ mi ṣòfò, ẹ bá mi wá a rí," ìyá bẹ̀ ẹ́. "Ẹni yòówù kó jẹ́, ẹ má dá a sí."

"Màá wá a, Màmá."

Ọ̀gá tó ni iṣẹ́ ni Má-kánjú kọ́kọ́ pè wọ yàrá kan ní àgọ́ náà. Waya kan wà nílẹ̀ yàrá náà, ó dí ojú ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ká waya yẹn kúrò nílẹ̀. Mo gbọ́ pé Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kó àwọn oníbàárà yín lọ?"

"Òótọ́ ni." Ọ̀gá ń wé waya láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìgúnpá. "Olè ni. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo pa á."

"Ṣé ó lè dá fa waya?"

"Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, mà. Àbúrò rẹ̀ ló máa ń bá a tì í. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ní òun ti bínú lọ sílé lánàá."

"Kí ló bí i nínú?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ tó ṣe látàárọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé dànù lójú àwọn èèyàn ọ́fíìsì. Ó ní kó kúnlẹ̀ ṣà á. A rẹ́rìn-ín títí."

Má-kánjú kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó pe ọlọ́dẹ.

"Bàbá, wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n gbá yín létí."

"Ó gbá mi létí torí mo sùn. Ọmọ tí mo lè bí! Inú mi dùn pé ó kú, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ṣùgbọ́n èmi kọ́."

"Ta lẹ rí tó jáde ní ìrọ̀lẹ́?"

"Mo sùn ni, mà."

Òun náà ká waya, tí Má-kánjú ti tún tú sílẹ̀. Ó rún un bí àkísà, ó jù ú sí igun.

Àbúrò ló kẹ́yìn.

"Bá mi kó waya yẹn jọ, ọmọ mi. Ìgbà wo lo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lánàá?"

"Kí ilẹ̀ tó ṣú, mà. Mo fi Ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ lóun nìkan."

Ó ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó gbé waya sí ọ̀tún, ó gbé e kọjá sí òsì, mẹ́jọ lórí mẹ́jọ.

"Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá ká a róbótó, á fi waya náà nà mí lẹ́yìn ìka."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe tò ó ní yàrá ẹ̀rọ. Ọṣẹ sì wà lára èyí tó wà lókè. Waya kì í rí ọṣẹ àfi bó bá fẹ́ wọ páìpù. Èyí ti wọ̀ ọ́, ẹnì kan fà á padà, ó tún tò ó jọ. Ọ̀gá kì í tò ó báyìí. Ọlọ́dẹ ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n tò. Ẹ̀gbọ́n rẹ sì ti kú nígbà náà."

Àbúrò wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó sọ waya sílẹ̀.

"Ó máa ń wé okùn mọ́ ọwọ́ bó bá fẹ́ sinmi lórí àkàbà," ló wí. "Ó pariwo látinú gbọ̀ngàn pé kí n dúró. Mo dúró. Ó ní òpònú ni mí, pé màá kú sí abẹ́ òun. Mo fi ẹsẹ̀ ti ògiri, mo fi gbogbo agbára mi fa waya padà. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó balẹ̀. Mo pè é, kò dáhùn. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń to waya jọ."

Ìyá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Kí ló ṣe fún ẹ tó tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, Màmá. Mo fi ìka mi hàn yín. Ẹ ní kó máa nà mí lọ, pé pàṣán ló ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n."

Ìyá yíjú sí Má-kánjú.

"Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó já bọ́."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má dá a sí, Màmá."

"Ọmọ méjì ni mo bí! Ta ni yóò wá sin mí?"

Àbúrò na ọwọ́ méjèèjì sí ọlọ́pàá tó wọlé, kò wo ìyá rẹ̀.

"Ẹ pe Ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Òun lẹ fẹ́ràn."