Owó Èbúté Kì í Ṣe Ogún

Èéfín ẹja ti gba gbogbo èbúté kékeré kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àlímọ̀t ń yan ẹja nídìí ààrò tirẹ̀, Basheerah ń yan nídìí tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ọkọ kan náà ló fẹ́ wọn, Alhaji Mọ̀núrù tó ti di olóògbé. Àlímọ̀t ni ìyálé, Basheerah ni ìyàwó, agboolé kan náà ni wọ́n sì ń gbé ní Ìta Fájì.

Bẹ́ẹ̀, èbúté ọ̀hún ń kú lọ. Ọ̀rá àti ike ti dí i pa. Omi ń jẹ etí ilẹ̀ wọlé, ó ti gbé ààrò méjì lọ lójò èṣí. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń gbé ẹja wá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ọ̀rá ń lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì àwọn. Bí ọkọ̀ ò bá gúnlẹ̀ mọ́, kò sí ẹja nìyẹn. Bí kò bá sí ẹja, kí ni àwọn obìnrin tó ń jẹun níbẹ̀ fẹ́ ṣe?

Ihsan tó ń ta iyọ̀ fún wọn ló wá ta Àlímọ̀t lólobó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbọ́? Ẹgbẹ́ Ayanja ti kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba. Wọ́n fẹ́ fi tún etídò ṣe, kí òwò ibí lè gbérí. Basheerah ló kó wọn lọ."

Àlímọ̀t ti fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi Basheerah jẹ alága. Ó ní òun ò lè jókòó kí ìyàwó òun máa pàṣẹ fún òun. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, owú gbé e mì. Ẹja tó wà níwájú rẹ̀ ń jóná, kò tilẹ̀ mọ̀.

"Ó pín ọkọ mọ́ mi lọ́wọ́, mo fara mọ́ ọn. Ṣé èbúté náà ló tún kù tó fẹ́ gbà?"

"Gbogbo wa ni wọ́n kọ ọ́ fún o. Wọ́n ní kí ẹ wá dara pọ̀."

"Kí n dara pọ̀ mọ́ ta? Ihsan, nígbà tí Alhaji kú, báwo la ṣe pín ogún?"

"Ìdí-igi ni, ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ mú ìpín kan."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìdí-igi méjì la jẹ́. Ohun tó bá kan tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kan tèmi. Ó ti kọ ìwé kan, èmi náà á kọ tèmi. Ìjọba á pín in sí méjì."

Ihsan gbé iyọ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ta ló fẹ́ ta ko Àlímọ̀t nígbà tí owú bá ń ṣe é?

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Àlímọ̀t ti kó àwọn ọmọ rẹ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò kan jọ. Ó sọ wọ́n ní Ẹgbẹ́ Ìyálé Etídò. Haleem, àkọ́bí rẹ̀, fi fóònù ya àwòrán èbúté kí Basheerah tó dé lówùúrọ̀. Ọkùnrin kan tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ní Ọbáléndé ní òun mọ ènìyàn ní ọ́fíìsì tó ń fúnni ní owó náà, òun á bá wọn kọ ìwé wọn, òun á sì fi í ránṣẹ́. Àlímọ̀t gbé odidi agbọ̀n ẹja yíyan kan fún un. Ọjọ́ náà, ó sùn dáadáa.

Kò pẹ́ sígbà náà ni òṣìṣẹ́ kan wá láti ọ́fíìsì tó ń mójú tó owó ìrànwọ́ yìí. Olúwadámilọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Ó wá fojú rí èbúté. Bó ṣe ń bọ̀ lókèèrè, Ẹgbẹ́ Ayanja sáré pàdé rẹ̀ lápá ọ̀tún, Ẹgbẹ́ Ìyálé sáré pàdé rẹ̀ lápá òsì.

"Ẹ káàbọ̀, àǹtí! Ọ̀dọ̀ wa nìyí!"

"Irọ́ ni o! Ọ̀dọ̀ wa ni!"

Olúwadámilọ́lá kúnlẹ̀ kí wọn, ó dìde. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, èbúté mélòó ló wà níbí?"

"Ẹyọ kan ni," Basheerah dáhùn.

"Ìwé méjì ló dé ọ̀dọ̀ wa, ibì kan náà sì ni àwòrán inú wọn. Etídò kan, ìwé kan ni òfin owó yìí. Bí ẹgbẹ́ méjì bá ń du ibì kan náà, a ó da ìwé méjèèjì nù. A ò lè kó owó ìlú lọ síbi tí wọ́n ti ń jà."

"Ẹ ẹ̀ mọ ìdí ọ̀rọ̀ ni," Àlímọ̀t fèsì. "Ìdí-igi méjì ni wá. Ẹ pín in sí méjì, kí kálukú mú tiẹ̀ lọ."

"Màmá, ogún là ń pín ní ìdí-igi. Owó yìí kì í ṣe ogún, kì í sì í ṣe owó yíyá. Owó iṣẹ́ ni. Kò sí ẹni tó máa mú un lọ sílé. A ó fi kó ọ̀rá kúrò, a ó fi gbin igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń di etí omi mú, a ó fi kọ́ ààrò tí èéfín rẹ̀ ò pọ̀. Omi ò mọ ìyálé, kò mọ ìyàwó. Bó bá ń gbé ilẹ̀ lọ, ti yín méjèèjì ló ń gbé." Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ta ló bá yín fi tiyín ránṣẹ́?"

"Ọkùnrin kan ní Ọbáléndé. Mo fún un ní agbọ̀n ẹja."

"Háà, màmá! Ọ̀fẹ́ ni o. A ò ní aṣojú kankan níta. Ẹgbẹ́ yín ńkọ́, ó ti pé ọdún kan?"

Àlímọ̀t wolẹ̀. "Láìpẹ́ yìí la dá a sílẹ̀."

Ihsan fi ìborùn bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹgbẹ́ tí kò bá tíì pé ọdún kan ò lè gba owó yìí, tiyín ò lè yege nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá ṣì wà níbẹ̀, kò ní jẹ́ kí ti ẹgbẹ́ kejì yege. Ọ̀la la máa parí gbígba ìwé. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i lónìí pé ẹ ti yọ tiyín, ọ̀rọ̀ tán."

Àlímọ̀t wo Basheerah. Kí n má purọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Bí òun ò bá tilẹ̀ rí i gbà, ìyàwó òun náà ò ní rí i gbà.

"Mi ò yọ ọ́," ó ní. "Kí gbogbo wa jọ pàdánù."

Basheerah kúnlẹ̀. "Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

Kò tíì dìde tí wọ́n fi gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan ń wúkọ́ lójú omi. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó kú. Jímọ̀ ọlọ́kọ̀ ni. Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó fa ọ̀rá dúdú gbọọrọ kan yọ.

"Ẹ̀yin ìyá, ó tó gẹ́ẹ́!" ó pariwo. "Ẹ fẹ́ ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́! Mi ò gúnlẹ̀ síbí mọ́. Èbúté Ẹ̀rọ̀ ni mò ń lọ!"

"Jímọ̀! Ọbọ̀kún mi ńkọ́?" Àlímọ̀t ké. Ẹja tó ní kí Jímọ̀ gbé wá fún òun ló wà nínú ọkọ̀ yẹn.

"Ẹ wá bá mi níbẹ̀! Bí mo bá ti tà á, ẹ má bínú o!" Ó gbé àjẹ̀, ó wa ọkọ̀ lọ.

Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Àlímọ̀t dúró létí omi, ó ń wo ẹja rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Basheerah wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ mú nínú tèmi yan, ìyálé mi. Mo ra ọbọ̀kún lánàá, ó máa tó wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju èébú lọ. Ó yíjú sí òṣìṣẹ́ náà.

"Ẹ mú ìwé yẹn wá kí n fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n èmi ni màá kọ́kọ́ gbin igi o. Èmi ni ìyálé."

"Ẹ̀yin náà ni, mà," Basheerah fèsì.

Owó náà jáde. Wọ́n kó ọ̀rá, wọ́n gbin igi ẹ̀gbà, ìyálé ló sì gbin àkọ́kọ́. Ṣé owú wá tán? Kò tán o. Ní àràárọ̀, Àlímọ̀t á kọ́kọ́ lọ yọjú wo igi Basheerah. Bó bá rí i pé ewé ibẹ̀ dára ju ti òun lọ, á tẹ̀ ba, á máa ṣa ọ̀rá kúrò nídìí igi ti òun. Bí Basheerah bá rí i, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa. Ọ̀rá ò ráyè jókòó léèbúté yẹn mọ́, Jímọ̀ sì ti padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun létídò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ẹ bá gbọ́ pé ìjọba fẹ́ fún èbúté ní owó ìrànwọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ bi ọ́fíìsì tó ń fún un: ta ló tọ́ sí, kí ni òfin rẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n máa parí gbígba ìwé? Ẹ má fún aṣojú kankan ní nǹkan, ìbáà ṣe ẹja. Kí gbogbo ẹni tó ń lo etídò kan náà fi ìmọ̀ ṣọ̀kan kí ẹ tó kọ̀wé, kí ẹ sì kọ ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ ni kí ẹ lò, ẹ má dá tuntun sílẹ̀ nítorí ìjà. Iṣẹ́ tí ẹ bá ní ẹ máa fi owó náà ṣe, òun gan-an ni kí ẹ fi ṣe.

Bí owú bá sì ń ṣe yín, ẹ gbé e lọ sídìí igi tí ẹ gbìn. Ẹ má gbé e lọ sí ọ́fíìsì.