Ọmọ Ta Ni Àdàbà?

Àwòrán méjì ni Ìdákẹ́ tẹ́ sórí tábìlì ní yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ìyá Ẹ̀rín ló wà nínú èkíní, òṣèré àtijọ́ tó máa ń pa òǹwòran lẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn. Èkejì ni Àdàbà, akọrin orí ìtàgé tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tó sì ti di olóògbé. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé bí ológbò àti eku ni wọ́n rí síra wọn.

"Wo ọmọńdinrín wọn," ni Ìdákẹ́ wí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Aláròyé, bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìka kékeré ọwọ́ òsì àwọn méjèèjì ló tẹ̀ wọnú bí ìkọ́.

"Yéè! Àbí ẹbí ni wọ́n ni? Tí o bá lè rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ lo máa gba ipò kìíní nínú ìdíje ìtàn sísọ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ṣáà rẹ́rìn-ín díẹ̀ fún mi, jọ̀ọ́!"

Ìdákẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni wọ́n ti ń pè é ní orúkọ yẹn. Kò sunkún níbi ìsìnkú, kò sì sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ńṣe ni inú rẹ̀ kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́.

Ìyá Ẹ̀rín ṣì wà láàyè. Ìdákẹ́ wá a lọ sí yàrá tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Ìyá àgbà náà wo àwòrán méjèèjì títí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò wọ́n.

"Ọmọ mi ni," ló wí. "Kò sẹ́ni tó bi mí rí àfi ìwọ yìí. Ọ̀gá ẹgbẹ́ eré wa kì í gba abiyamọ. Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó bá mi tọ́ ọ. Ìgbà tí n ó fi padà, ó ti mọ ẹlòmíràn ní ìyá. Orí ìtàgé la ti ń bá ara wa jà bí ọ̀tá, ó sì kú láìmọ̀ pé èmi ni ìyá òun. Ọmọ rẹ̀ náà ò mọ̀. Má sọ ọ́ síta, ọmọ mi. Èmi fúnra mi ni n ó sọ fún un, tí ọkàn mi bá gbà á."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ fún Aláròyé, ìyẹn kò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. "Ìtàn nìyẹn, kì í ṣe òfófó! Kí ni ìyẹn máa ṣe ìyá arúgbó náà?" Ìdákẹ́ dúró wò bóyá ẹ̀rí ọkàn yóò gún òun. Kò gún un. Ó gorí pèpéle lọ́jọ́ ìdíje, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Àtẹ́wọ́ mi gbọ̀ngàn tìtì. Wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ fún un, ó gbà á bí ẹni gba ife omi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, oníròyìn ti kún ẹnu ọ̀nà Ìyá Ẹ̀rín. Ọmọbìnrin Àdàbà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbọ́ ọ lórí rédíò níbi iṣẹ́, níwájú àwọn aláìsàn. Ó sáré wá sílé Ìyá Ẹ̀rín tòun taṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Ẹ jókòó sẹ́yìn níbi ìsìnkú ìyá mi bí àlejò!" ló pariwo lójú gbogbo èrò. "Ẹ má pè mí ní ọmọ yín láéláé!"

Nígbà tí Ìdákẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀, ìyá àgbà náà kò lé e.

"Ẹ̀bi mi ni, Màmá. Ṣùgbọ́n n ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, kò sí ohun tó ń dùn mí mọ́."

Ìyá Ẹ̀rín gbójú sókè. "Mo mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni mo rí lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ mi. Bí mo bá sunkún, wọ́n á ní kí ló kàn mí níbẹ̀. Mo dákẹ́. Nírọ̀lẹ́, mo lọ ṣeré, mo pa wọ́n lẹ́rìn-ín." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n pé kò dùn ọ́ kò ní kó má dun ẹlòmíràn. Ẹyin lohùn, ìwọ lo sì jẹ́ kó bọ́. Máa lọ sílé. N ò tíì lè dárí jì ọ́."

Ìdákẹ́ kò lọ sílé. Ó wá nọ́ọ̀sì náà lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ara wọn ni Màmá fẹ́ fi sọ ọ́ fún yín. Èmi ni mo já a gbà mọ́ wọn lẹ́nu."

Nọ́ọ̀sì náà gbọ́ ọ tán, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ìdákẹ́ dúró síbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ohun kan dùn ún: ojú tì í. Ibẹ̀ ló ti yé e pé kì í ṣe gbogbo òtítọ́ tí a bá wá rí ni tiwa láti sọ. Àṣírí tí wọ́n fi síkàwọ́ ẹni, ẹni tó ni ín nìkan ló lẹ́nu àtisọ ọ́.