Abẹ Bàbá Wọn

Ọ̀sán gangan ni àbúrò Káfíńtà kú sí ọsibítù, ikùn rẹ̀ wú gbẹndu, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹni kẹta nìyí láàárín ọdún mẹ́rin, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ohun kan náà ni dókítà sọ lórí wọn: ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀dọ̀! Ta ló tún ń jẹ ẹ̀dọ̀ ènìyàn bí kì í bá ṣe àjẹ́?

Kíá làdúgbò ti mọ àjẹ́ ọ̀hún. Ìyá Kékeré ni, opó tí bàbá wọn fi sílẹ̀, tó máa ń fọ́n èérún búrẹ́dì fún ẹyẹlé lójú fèrèsé láràárọ̀. Wọ́n ní ìpàdé ló ń bá wọn ṣe. Ẹyẹlé o! Ẹnu ò kúkú ní ìlẹ̀kùn.

Káfíńtà dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Ẹ kó ẹrù yín, kẹ́ ẹ máa lọ."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ tún ń bi mí! Àwa mẹ́rin nìyá mi bí, mẹ́ta ti lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tiyín ńkọ́? Kò tiẹ̀ sín rí!"

"Èmi ni mo ń fọ aṣọ wọn nígbà tí wọ́n ń bì."

"Ẹ̀dọ̀ wọn lẹ ń ṣọ́!"

Ọmọ rẹ̀ gbé mátírẹ́ẹ̀sì lé orí, ìyá gbé ìkòkò méjì. Ọgbọ̀n ọdún ló ti lò nínú ilé yẹn, ìwà ìkà gbáà ni.

Ní Sátidé, Káfíńtà fi abẹ bàbá wọn fá orí àkọ́bí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, bó ti máa ń fá ti àwọn àbúrò rẹ̀. Ó fi àkísà nu abẹ náà, ó sì fi í fá àgbọ̀n ara rẹ̀. Nígbà kan rí, Ìyá Kékeré ti kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fá ti ọmọ òun náà. Káfíńtà ní abẹ yìí kì í kan orí ọmọ ìyàwó kejì.

Kò pé oṣù mẹ́ta, ojú àkọ́bí náà pọ́n.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kú ṣí ìwé rẹ̀ wò, ó mi orí. "Ilé kan, àìsàn kan. Ẹ pe gbogbo ọkùnrin ilé yín wá, mo fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò."

Kòkòrò àìsàn ẹ̀dọ̀ náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ Káfíńtà àti ọmọ rẹ̀. Kò sí nínú ti ọmọ Ìyá Kékeré, tí nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pè.

"Ṣé ẹ rí i!" Káfíńtà pariwo. "Ọmọ àjẹ́!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Kí lẹ jọ ń lò tí òun kì í lò? Ohun tó ń kan ẹ̀jẹ̀."

Àkọ́bí ló dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Abẹ bàbá àgbà."

"Ẹ̀jẹ̀ tó kù lójú abẹ ló ń gbé e kiri," ni nọ́ọ̀sì wí. "Oògùn wà fún ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má fo ọjọ́ kan. Àwọn tó lọ ti lọ nìyẹn."

Káfíńtà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ yìí ló fá gbogbo wọn, tìfẹ́tìfẹ́.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yàrá tí Ìyá Kékeré rẹ́ǹtì. "Ẹ dákun mà, ẹ padà wálé."

Ìyá ń gbálẹ̀, kò dúró. "Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀ nítorí abẹ yẹn?"

"Mo rántí, mà."

"Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi sunkún. Mo ní o kórìíra ọmọ mi." Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "O kórìíra rẹ̀ lóòótọ́. Ìkórìíra yẹn ni kò jẹ́ kó kú. Dìde, lọ tọ́jú ọmọ tí ìwọ fẹ́ràn."