Páànù Tí Atẹ́gùn Ṣí

Atẹ́gùn ló ṣí páànù ilé ìdáná, ó sì ṣojú Azeezat kòró. Ó ń kàwé lọ́wọ́ nínú ilé tí wọ́n yá gbé ní Òwu nígbà tí ìjì náà dé, tó já páànù méjì, tó sì dà wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé. Àlímátù, ìyá rẹ̀, wà ní ìsọ̀ tó ti ń ta ike. Kò sí ẹlòmíràn nílé, Azeezat bá fi fóònù ya àwòrán ibẹ̀.

Haleemah, ọmọ kíláàsì rẹ̀, rí àwòrán náà lọ́jọ́ kejì. Ó mọ̀ pé Alhaji Sàlàhúdíìnì, onílé wọn, ti pe Àlímátù lẹ́jọ́ pé kó kó jáde, torí pé ọmọ òun ń kó ìyàwó àtọmọ bọ̀ láti Èkó.

"Onílé ò láṣẹ láti ṣí òrùlé lórí ayálégbé," Haleemah ní. "Sọ pé bàbá yẹn ló rán èèyàn wá ṣí i. Adájọ́ á ní kẹ́ ẹ máa gbébẹ̀ lọ ni."

Azeezat ò kọ́kọ́ gbà. Àmọ́ ìdánwò WAEC ti dé tán, ẹ̀rù sì ń bà á pé àárín ìdánwò ni wọn yóò lé wọn síta. Nígbà tó délé, ó pa irọ́ náà fún ìyá rẹ̀, ó fi àwòrán tì í lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ìwòyí, wọ́n rò pé ohun tó wà nínú fóònù kì í wúwo.

Ó bá ìyá rẹ̀ lọ sí kóòtù májísíréètì lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́. Ṣé ẹ rí i, òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Alhaji gbà pé kí wọ́n gbé ilé náà títí ọdún yóò fi parí. Kí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ló kù, kí adájọ́ sì sọ ọ́ di ìdájọ́. Akínrẹ̀mí, lọ́yà Àlímátù, ń rẹ́rìn-ín bọ̀ wá sọ fún wọn.

"Ṣé ẹni tó rán èèyàn wá ṣí òrùlé lórí mi ni n ó bá ṣàdéhùn?" Àlímátù ní. Ó rìn lọ bá Alhaji, ó na àwòrán inú fóònù náà sí i lójú. "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín, sà. Ọmọ mi ló ya àwòrán yìí."

Alhaji wo àwòrán náà. "Èmi? Àlímátù, èmi tí wọ́n sọ ọmọ yìí lórúkọ níṣojú mi?" Ó yíjú sí lọ́yà tirẹ̀. "N ò ṣàdéhùn mọ́. Kí ẹjọ́ máa lọ."

Akínrẹ̀mí fa Àlímátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá Azeezat, ìwé tí bàbá fi ní kẹ́ ẹ kó jáde bófin mu. Bí a bá jà á dópin, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ kó jáde lóṣù tó ń bọ̀. Ọmọ yín rí àwọn tó ṣí i, àbí?"

Gbogbo wọn wo Azeezat. Bó bá mi orí lásán pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tó. Àmọ́ Alhaji fara ti ògiri lọ́hùn-ún, ó dorí kodò, ó ń ka tẹ̀sùbáà, àánú rẹ̀ sì ṣe Azeezat gan-an. Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Atẹ́gùn ni. Mo parọ́ mọ́ yín ni."

Ìyá rẹ̀ gbọ́wọ́ sókè. Kò gbá a. Ó fi ọwọ́ náà bo ojú ara rẹ̀.

"Dìde," Alhaji ní. "O ṣeun tó o sọ òótọ́ kí wọ́n tó pe ẹjọ́ wa. Ṣùgbọ́n n ò lè fún yín dìgbà tọ́dún máa parí mọ́. Ọkàn mi ti kúrò ńbẹ̀. Tó o bá ti parí ìdánwò rẹ, kẹ́ ẹ máa lọ."

"A gbà, sà," ni Àlímátù wí, lórí ìkúnlẹ̀.

Àwọn lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀. Adájọ́ kà á sétí wọn, ó bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni fipá mú wọn tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n ní rárá. Ó ní ó ti di ìdájọ́ kóòtù, pé ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ ti rú òfin.

Alhaji rán káfíńtà wá kan páànù padà, ẹnikẹ́ni ò sì yọ wọ́n lẹ́nu títí Azeezat fi ṣèdánwò tán. Ọjọ́ kejì ni wọ́n kó lọ sí yàrá kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀, nínú òjò. Ibẹ̀ jìnnà sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń ru ike lọ wọkọ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ Azeezat ń sinmi nílé. Ìyá rẹ̀ ò bú u. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ pé, "À bá ṣì wà l'Ówu títí ọdún á fi parí. Ahọ́n ẹ ló lé wa."

Ọ̀rọ̀ náà dun Azeezat dọ́kàn, torí òótọ́ ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi irọ́ wá ojúure. Ohun tí Azeezat fẹ́ fi irọ́ gbà, wọ́n ti ń gbé e bọ̀ wá fún un.