Ẹ̀rín Inú Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran ní Làfẹ́nwá ni Azeezat ti kọ́kọ́ rí Zàíd, ohun tí ọkùnrin náà sì ń rà, ẹ gbà mí o, òróòro ni! Ọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú, tí òórùn dídùn ń ta sánsán lára rẹ̀, ló dúró láàárín eṣinṣin àti omi ẹ̀jẹ̀, tó ń bẹ alápatà.

"Ẹ má gé òróòro kúrò lára ẹ̀dọ̀ o, bàbá. Bí wọ́n ṣe so mọ́ra wọn yẹn ni mo fẹ́ ẹ."

Azeezat fi etí hìjáàbù bo imú. Kò lè pa á mọ́ra. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa jẹ ìyẹn ni?"

"Rárá o. Kọ̀ǹpútà mi ló fẹ́ wò ó."

Èébì ń gbé e, ẹ̀rín náà ń gbé e. Ẹ̀rín ló borí.

Zàíd ṣàlàyé pé ọmọ Pápáláńtò lòun, pé iléeṣẹ́ tí òun ń bá ṣiṣẹ́ ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa fi kámẹ́rà wo inú ikùn nígbà tí dókítà bá ń ṣiṣẹ́ abẹ. Bí abẹ bá ti fẹ́ kan ibi tí kò yẹ kó kàn, kọ̀ǹpútà á kun ibẹ̀ ní pupa lójú tẹlifíṣọ̀n, dókítà á sì dáwọ́ dúró. Ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi dán an wò.

Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn. Adúmáradán ni Zàíd ń pe Azeezat. Tó bá fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, Azeezat á kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Òróòro mélòó lo fọwọ́ kàn lónìí?" Àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín títí.

Ìyá Azeezat ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Alhaja Àfúsá, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò, obìnrin tí gbogbo Aké mọ̀ pé kò fẹ́ ẹ̀gbin rárá, pòṣé nígbà tó gbọ́. "Ọkùnrin tó ń fọwọ́ kó ìfun kiri! Ọmọ tèmi kọ́!"

Àfi bí ìrora ṣe mú Alhaja fúnra rẹ̀ lábẹ́ ìhà ọ̀tún. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, òkúta ló kún inú àpò òróòro rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ Zàíd ti ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e wọlé, Alhaja di ọwọ́ Zàíd mú. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Ọmọ mi, ikú kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, ìhòòhò ni. Látìgbà tí bàbá Azeezat ti kú, ọkùnrin kankan ò rí ara mi. Ìwọ lo máa wà níbẹ̀. Jọ̀ọ́, bá mi bo àṣírí mi."

"Mo ṣèlérí, mà."

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Kọ̀ǹpútà kun pupa lẹ́ẹ̀kan, Dókítà Túbọ̀sún sì yí ọwọ́ padà. Ká ní kò yí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá di nǹkan mìíràn. Látìgbà náà ni Alhaja ti ń pe Zàíd ní ọkọ mi, òun fúnra rẹ̀ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu pé ìgbà wo ni àwọn ẹbí Zàíd máa wá tọrọ ìyàwó. Inú Azeezat dùn débi pé ó ń kọrin nídìí abọ́ tó ń fọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan tí Alhaja lọ sí àsàlátù, Zàíd gbé kọ̀ǹpútà wá sí pálọ̀ wọn. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Adúmáradán, wá wo bí ẹ̀rọ mi ṣe gba ìyá ẹ là."

Kámẹ́rà tó wà lókè àjà yàrá iṣẹ́ abẹ ló bẹ̀rẹ̀ fídíò náà, kó tó kan inú ikùn. Alhaja ló sùn gbalaja yẹn, wọn ò bo nǹkan kan lára rẹ̀. Orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹnì kan fọwọ́ gbá ikùn rẹ̀ pàì, ó ń wò ó bó ṣe ń mì.

"Ẹ wo ẹrù!" Ohùn Dókítà Túbọ̀sún ni. "Ẹ bá mi wá ọ̀nà tí mo máa gbà wọ inú ọjà yìí o. Ṣé oṣù kẹsàn-án ni Màmá wà ni?"

Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Azeezat mọ èyí tó pariwo jù nínú ẹ̀rín yẹn, ti Zàíd ni, òun náà ló ti ń mú inú rẹ̀ dùn láti Làfẹ́nwá. Ohun tó wá burú jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, Zàíd tó jókòó tì í tún rẹ́rìn-ín! Ó gbọ́ ẹ̀fẹ̀ náà, ó sì gbàgbé pé ìyá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ṣíọ̀!

Azeezat sáré jáde, ó bì sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ̀fẹ̀ lásán ni," Zàíd ń wí lẹ́yìn rẹ̀. "Wọ́n máa ń fi í gbàgbé ìdààmú iṣẹ́ ni. Èmi náà ti wà láàárín wọn pẹ́, gbogbo ẹ̀ ti di àwòrán lójú mi. Màmá ò sì gbọ́, wọ́n ti sùn."

"Ìwọ ò sùn. O ṣèlérí fún un, Zàíd!"

"Jọ̀ọ́, foríjì mí."

"Èmi kọ́ ni wọ́n tú sí ìhòòhò. Lọ bẹ ẹni tó o ṣẹ̀. Tó ò bá lè sọ ọ́ lójú rẹ̀, má bá mi sọ̀rọ̀ ìyàwó mọ́."

Ká sọ òótọ́, Zàíd gbìyànjú. Ó jókòó de Alhaja. Bí ìyẹn ṣe wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, tẹkúntẹkún, títí dórí pé Azeezat ló ní kí òun wá bẹ̀bẹ̀.

Alhaja gbọ́ ọ tán. "Kí ni dókítà náà sọ gan-an?"

Zàíd tún un sọ.

"Ìwọ ńkọ́, kí lo sọ?"

"Mo rẹ́rìn-ín, mà."

"Dìde nílẹ̀. Mo ti dárí jì ọ́." Alhaja ń fa hìjáàbù rẹ̀ mọ́ra, ó ń fà á bí ẹni tí òtútù ń mú. Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Azeezat, báwo lo ṣe mọ̀? Ṣé ìwọ náà wò ó ni?"

Azeezat wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ mi orí, ó wọ yàrá lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà, Zàíd na ọwọ́ sí i. "Adúmáradán, mo ti sọ ọ́ bó o ṣe ní kí n sọ."

Azeezat fà sẹ́yìn. Zàíd ń rí i lára, ara tirẹ̀ náà sì ń rí i lára. "Mo ṣì fẹ́ràn ẹ, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n tó o bá fọwọ́ kàn mí báyìí, màá tún bì. Máa lọ, Zàíd. Má padà wá."

Zàíd gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì lọ.

Nígbà tó yá tí ìyá rẹ̀ wọ balùwẹ̀, Azeezat gbé omi gbígbóná lọ bá a, kànìnkànìn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Látìgbà iṣẹ́ abẹ náà, òun ló ń bá ìyá rẹ̀ fọ ẹ̀yìn. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn, kò ṣí.

"Màámi, èmi ni o."

"Mo mọ̀. Gbé omi náà kalẹ̀ níbẹ̀. Tó o bá ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, màá ṣí i."